Irin tó dọ̀tí kò ṣeé mú le: bí a ṣe ń fọ irin mọ́ kí a tó rì í sómi

Ìbéèrè tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ bi mí ni bí a ṣe ń ri irin gbígbóná bọ omi kó lè le. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ló dùn ún wò jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà: irin á pọ́n fòò, á ké nínú omi, ooru á bo ojú. Ṣùgbọ́n omi ló kẹ́yìn iṣẹ́. Kí irin tó débẹ̀, ó yẹ kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ ti jáde, kó sì ti gba ohun tí yóò mú un le sára. Irin tí kò bá la méjèèjì kọjá, bí ẹ rì í sómi nígbà ogún, ojú rẹ̀ á ká tàbí kó ṣẹ́. Nítorí náà, ìdí iléru ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìdọ̀tí wo ló wà nínú irin?

Òkúta irin kì í ṣe irin. Irin tó ti so mọ́ ọ́síjìn ni, yanrìn àti amọ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Èédú ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú iléru. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó láti jó tán, gáàsì kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáídì á jáde lára rẹ̀, gáàsì yìí á sì gba ọ́síjìn kúrò lára irin. Ooru èédú náà á yọ́ yanrìn àti amọ̀ pọ̀ mọ́ díẹ̀ nínú òkúta irin, á sọ wọ́n di ìdàrọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irin fúnra rẹ̀ ló ń yọ́. Rárá o. Irin pọ́ńbélé kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé 1,538 dígírì Celsius, iléru amọ̀ kékeré kì í sì í sábà kọjá 1,300. Ìdàrọ́ ló ń yọ́, ní nǹkan bí 1,200. Irin ò yọ́ ní tirẹ̀, ó kàn ń lẹ̀ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, ìdàrọ́ sì ń ṣàn gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sísàlẹ̀. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ nígbà tí iná bá parí iṣẹ́ ni ìṣù kan tó ní ihò káàkiri bíi kànìnkànìn, tí ìdàrọ́ sì kún inú ihò náà. Ìdọ̀tí àkọ́kọ́ nìyẹn, òòlù sì lè lé e jáde.

Ìdọ̀tí kejì kì í fara hàn sójú. Imí ọjọ́ àti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì ni. Irin tí imí ọjọ́ bá wà nínú rẹ̀ máa ń fọ́ lábẹ́ òòlù nígbà tó ṣì gbóná. Èyí tí fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì bá pọ̀ nínú rẹ̀ á gbà fún òòlù nígbà tó gbóná, á wá ṣẹ́ nígbà tó bá tutù. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ló máa sọ ibi tí wàhálà ti wá fún yín. Òòlù kò lè lé ìkankan nínú méjèèjì jáde. Òkúta tí ẹ ṣà àti èédú tí ẹ dáná sí nìkan ló lè gbà yín lọ́wọ́ wọn.

Òkúta, èédú àti iléru

Ẹ kọ́kọ́ sun òkúta irin lórí iná igi ní gbangba, kó pọ́n fún wákàtí kan tàbí méjì. Omi inú rẹ̀ á gbẹ, púpọ̀ nínú imí ọjọ́ á bá èéfín lọ, òkúta náà á sán, á sì rọrùn láti fọ́. Èyí tó jẹ́ rúsúrúsú tẹ́lẹ̀ á di pupa kíkùn. Ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kó má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kí ẹ sì jọ̀ ọ́ kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lè kúrò, torí lẹ́búlẹ́bú máa ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ nínú iléru.

Èédú igi líle ni kí ẹ lò, kí ẹ fọ́ ọ sí sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́rin. Ẹ má fi èédú abẹ́ ilẹ̀ rọ́pò rẹ̀, nítorí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, irin sì máa ń mu ún. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń yọ irin ní England fi rọ̀ mọ́ èédú igi títí di 1709, nígbà tí Abraham Darby ní Coalbrookdale bẹ̀rẹ̀ sí í lo èédú abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ sun kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè dín kù. Síbẹ̀ náà, irin dídà, èyí tó ń yọ́ ṣàn tí kò sì gba òòlù, ni ọ̀nà rẹ̀ yẹn wúlò fún. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí irin tí a ń lù tó bọ́ lọ́wọ́ èédú igi.

Amọ̀ tí mo po yanrìn àti koríko gbígbẹ mọ́ ni mo fi ń mọ iléru. Gíga rẹ̀ á tó mítà kan, inú rẹ̀ á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ògiri rẹ̀ á sì nípọn dáadáa. Ọ̀pá amọ̀ tí atẹ́gùn ẹwìrì ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sókè láti ìsàlẹ̀, kó dorí kọ ilẹ̀ díẹ̀. Àyè tó wà lábẹ́ ọ̀pá yẹn ni ìdàrọ́ máa kó jọ sí. Ẹ dá ihò kan sí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi amọ̀ dí i. Bí ìdàrọ́ bá pọ̀ jù, ibẹ̀ ni ẹ ó lu kó lè ṣàn jáde.

Ẹ fi igi dáná nínú rẹ̀ títí ògiri á fi gbẹ tá á sì gbóná, lẹ́yìn náà kí ẹ kó èédú kún un dé ẹnu, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fín ẹwìrì. Bí èédú bá ti ń rẹlẹ̀, ẹ máa da òkúta àti èédú sí i ní ìpele ìpele, kí ìwọ̀n méjèèjì dọ́gba. Ẹ má dáwọ́ ẹwìrì dúró. Bí òkúta bá pọ̀ ju èédú lọ, ìdàrọ́ á kó irin lọ. Bí èédú bá pọ̀ jù tí atẹ́gùn sì le jù, irin á mu kábọ́ọ̀nù ní àmujù, á wá yọ́ ní tòótọ́, á ṣàn. Irin dídà nìyẹn, kò sì gba òòlù rárá.

Gáàsì tó ń ṣiṣẹ́ yìí kò ní òórùn, ó sì ń pani. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Iná tó ń jó lẹ́nu iléru lókè ló ń jó o tán, tí iná yẹn bá kú, ẹ tètè tan án padà.

Lílù ìṣù irin

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí ibí ni irin ti ń di irin.

Ẹ fi ẹ̀mú fa ìṣù náà jáde nígbà tó ṣì ń tàn yòò. Ẹ má tíì gbé òòlù irin. Kùmọ̀ igi ni kí ẹ fi lù ú lórí kùkùté igi, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yíká yíká. Ìṣù náà kò tíì di ara rẹ̀ mú, ẹni tó bá fi agbára lù ú á fọ́n ọn ká sílẹ̀, á sì máa ṣa á bí ó ṣe ń tutù. Ìdàrọ́ á máa ta jáde bí ẹ ṣe ń lù ú, ó sì gbóná tó láti jó aṣọ mọ́ awọ. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ dáadáa, kí ẹ bo ojú yín.

Nígbà tó bá ti kó ara jọ, tí kò pọ́n tó mọ́, ẹ dá a padà sínú iná. Ibí ni sùúrù ti máa ń tán. Ìdàrọ́ ní láti tún yọ́ kó tó lè jáde. Tí irin bá kàn pọ́n lásán, tí ooru rẹ̀ ò tó 1,200, tí ẹ sì ń lù ú, ìdàrọ́ líle ni ẹ ń tì wọ inú irin, ẹ sì ń la irin náà. Ó gbọ́dọ̀ funfun kí ẹ tó lù ú. Bí ó bá ti di pupa, ẹ dáwọ́ dúró.

Ó ní ìdí tí a fi ń wọ́n yanrìn sí irin nígbà tó bá funfun báyẹn. Afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ojú irin gbígbóná, á fi èèpo dúdú sílẹ̀, èèpo yìí kò sì ní jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ irin. Yanrìn mímọ́ máa ń bá èèpo náà yọ́ pọ̀ di ìdàrọ́ tó ń ṣàn, òòlù á wá fún un jáde láàárín ojú méjèèjì. Láti àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, kí ẹ máa bọ̀ létí, kí ìdàrọ́ lè rí ọ̀nà jáde. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látetí ti sé e mọ́lé.

Etí ni mo fi ń mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Ìṣù tí ìdàrọ́ ṣì kún inú rẹ̀ máa ń dún gbì, gbì. Bó ṣe ń mọ́ ni ohùn rẹ̀ ń là, títí á fi máa dún kọ́ún, kọ́ún lábẹ́ òòlù. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ yọ níbẹ̀: níbi tí ohùn náà bá ti yàtọ̀, ìdàrọ́ ṣì sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ fún ibẹ̀ ní ooru, kí ẹ dúró tì í.

Nígbà tó bá ti di ọ̀pá irin, ẹ la àárín rẹ̀ díẹ̀, ẹ ká a lé ara rẹ̀, ẹ tún fún un ní ooru funfun, kí ẹ lù ú kó lẹ̀. Bí ẹ bá ká a lẹ́ẹ̀kan, ipele rẹ̀ á di méjì. Lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́rin. Bí ẹ bá ká a nígbà mẹ́wàá, ó ti di 1,024. Báyìí ni àwọn alágbẹ̀dẹ Japan ṣe ń tọ́jú tamahagane, irin tí wọ́n ń fi yanrìn irin àti èédú ṣe nínú iléru tí wọ́n ń pè ní tatara. Àwọn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kíká yìí fúnra rẹ̀ ló ń fún idà lágbára, pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni idà ṣe ń le tó. N ò gbà. Ohun tí kíká ń ṣe ni pé ó ń fọ́ ìdàrọ́ tó ṣẹ́kù sí wẹ́wẹ́, ó sì ń pín kábọ́ọ̀nù káàkiri, kí apá kan má baà le jù kí apá kejì rọ̀. Gbogbo ìgbà tí irin bá wọ iná, ó ń sọ kábọ́ọ̀nù díẹ̀ nù, ìwọ̀n rẹ̀ náà sì ń dín. Bí ohùn bá ti mọ́ tí ojú ibi tí ẹ gé sì ń dán bákan náà, ó tó.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já bí ìṣù bá dín kù sí ìdajì. Ìdàrọ́ ló lọ. Irin tí a lù dáadáa náà ṣì máa ń ní díẹ̀ nínú, nǹkan bí ìdá 1 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún, tó ti nà di fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì léwu mọ́. Òpó irin Delhi, tí gígùn rẹ̀ ju mítà 7 lọ, tó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù 6 lọ, ìṣù irin tí wọ́n lù mọ́ra ni wọ́n fi ṣe é ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn. Fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí òpó náà dípẹtà títí di òní. Ohun tó lè ba ọ̀bẹ jẹ́ ti ṣe òpó yẹn lóore. Ohun tí ẹ fẹ́ fi irin ṣe ni kí ẹ máa fi díwọ̀n ìdọ̀tí tí ẹ lè gbà láyè.

Bó bá jẹ́ irin dídà ló wà lọ́wọ́ yín

Iṣẹ́ ti irin dídà yí padà. Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ìdá 3 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, a sì ní láti jó o kúrò. Àwọn ará China ń ro irin dídà nínú afẹ́fẹ́ kí kábọ́ọ̀nù lè jó lọ láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ní 1784, Henry Cort gba ìwé àṣẹ ní England lórí iléru kan tí èédú ilẹ̀ ń jó ní yàrá tirẹ̀, tí ọwọ́ iná rẹ̀ nìkan ń kọjá lórí irin, kí imí ọjọ́ má baà ráyè wọ inú irin. Òṣìṣẹ́ á máa fi ọ̀pá gígùn rò ó. Bí kábọ́ọ̀nù ṣe ń dín kù ni ooru tí irin fi ń yọ́ ń ga sí i, tí irin á fi ki mọ́ òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́, á wá ṣù ú gbé lọ sábẹ́ òòlù. Iṣẹ́ tó ń tán èèyàn lókun ni. Ní 1856, Henry Bessemer fi hàn pé bí a bá fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú irin yíyọ́ kọjá, ìdọ̀tí tó ń jó nínú rẹ̀ ló máa pèsè ooru fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì kò lọ, títí Sidney Gilchrist Thomas àti Percy Gilchrist fi rí i ní ìparí àwọn ọdún 1870 pé bí a bá fi òkúta tó ní ẹfun tẹ́ inú iléru, tí a sì fi ẹfun sí irin, ìdàrọ́ á gba fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì náà sára. Kò sí èyí tí mo máa ní kí ẹ gbìyànjú nínú agbo ilé.

Fífún irin ní kábọ́ọ̀nù

Irin tó ti mọ́ tán máa ń rọ̀. Èyí tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò tó ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún, omi kò ní fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di líle. Bí ó bá dé 0.6 sí 1, akọ irin ni, ó sì yẹ fún ọ̀bẹ àti ayùn. Bó bá kọjá 2, ó ti ń di irin dídà.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ dì í mọ́ èédú. Ẹ rọ irinṣẹ́ náà tán pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí kábọ́ọ̀nù kì í wọlé jìnnà, ẹni tó bá tún ń pọ́n ọn púpọ̀ lẹ́yìn náà á pọ́n líle rẹ̀ dànù. Ẹ gún èédú, ẹ fi eérú igi díẹ̀ sí i, torí eérú máa ń mú kí gáàsì tètè dìde. Egungun tàbí ìwo tí a sun náà dára. Ẹ sin irinṣẹ́ náà sínú rẹ̀ nínú àpótí amọ̀ tàbí ti irin, ẹ fi amọ̀ lẹ ẹnu rẹ̀ pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé, kí ẹ gbé e sínú iná tí ooru rẹ̀ wà láàárín 900 sí 950, kó máa tàn láàárín pupa àti rúsúrúsú. Wákàtí mẹ́rin á jẹ́ kí kábọ́ọ̀nù wọlé tó nǹkan bíi mìlímítà kan. Bí ẹ bá fẹ́ mìlímítà méjì, ẹ má rò pé wákàtí mẹ́jọ ni. Mẹ́rìndínlógún ni, torí bí ó ṣe ń jìnnà sí ojú irin ni ó ń lọ́ra.

Ẹni tó ń ṣe ayùn ìpọ́nrin kékeré lè lo ọ̀nà tí Theophilus, àlùfáà oníṣẹ́ ọwọ́ ní Yúróòpù ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, kọ sílẹ̀: ẹ sun ìwo màlúù, ẹ ha á, ẹ fi iyọ̀ tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta sí i, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Nígbà tí ayùn bá pọ́n nínú iná, ẹ wọ́n ọn sí i lára yíká, ẹ yára fín iná sí i, kí ẹ mú un jáde, kí ẹ sì rì í sómi lójú ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló máa le. Ohun tí ayùn sì ń fẹ́ nìyẹn.

Àwọn tó ń fẹ́ kó le dé inú máa ń to ọ̀pá irin àti èédú sínú àpótí òkúta ńlá, wọ́n á sì dáná sí i fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ojú irin tó bá jáde níbẹ̀ máa ń lé ròrò, torí kábọ́ọ̀nù bá ìdàrọ́ inú rẹ̀ jà, gáàsì sì ti ojú irin sókè. Benjamin Huntsman, aṣe-aago kan ní àgbègbè Sheffield, kò rí irin tó dọ́gba tó fún sípíríǹgì aago rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1740 ó yọ́ irú irin yìí nínú ìkòkò amọ̀ pípadé, ìdàrọ́ léfòó sókè, kábọ́ọ̀nù sì dọ́gba káàkiri. Àwọn ará gúúsù India àti Sri Lanka ti ń ṣe èyí tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀: wọ́n ń fi irin àti igi tàbí ewé sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, wọ́n á dí ẹnu rẹ̀, wọ́n á sì fi sínú iná títí irin á fi mu kábọ́ọ̀nù tó sì yọ́. Kábọ́ọ̀nù irin náà máa ń tó ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Alágbẹ̀dẹ tó bá sun irú rẹ̀ funfun á rí i tó fọ́ lábẹ́ òòlù, pupa ni kí a ti lù ú. Nínú gbogbo ọ̀nà àtijọ́, èyí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù.

Omi, lẹ́yìn náà ooru kékeré

Ẹ kọ́kọ́ mú ara irin náà balẹ̀: ẹ jẹ́ kó pọ́n, kí ẹ gbé e sínú afẹ́fẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, nígbà méjì tàbí mẹ́ta. Wàhálà tí òòlù kó sínú rẹ̀ á lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ sun ún títí mágínẹ́ẹ̀tì kò fi ní fà á mọ́. Irin máa ń sọ agbára yẹn nù ní 770 dígírì. Ẹ jẹ́ kó kọjá ibẹ̀ díẹ̀ péré, kí ẹ sì rì í. Ẹ má jẹ́ kó funfun, torí ooru àṣejù ń mú kí hóró inú irin tóbi, irin bẹ́ẹ̀ á sì ṣẹ́ bọrọ. Tààrà ni kí ẹ ti ọ̀bẹ bọ inú rẹ̀, kó má dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí apá tó bá kọ́kọ́ tutù ló máa fà á wọ́. Epo dára ju omi lọ fún irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀. Omi ń yára gba ooru, ó sì lè la irin náà. Tí ẹ bá lo epo, kí ìdérí wà nítòsí, torí epo lè gbiná.

Ẹ fi ayùn ìpọ́nrin pọ́n ojú rẹ̀. Bí ayùn bá yọ̀ tí kò mú un, ó ti le. Ṣùgbọ́n ní àkókò yìí, bó bá já bọ́ sílẹ̀, ó lè dá sí méjì. Ẹ má jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó fi ooru kékeré dẹ̀ ẹ́.

Ẹ ha ojú rẹ̀ kó dán, kí ẹ wá máa fi ooru kékeré sí i láti ẹ̀yìn. Àwọ̀ á máa rìn lórí rẹ̀. Rúsúrúsú fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń yọ ní nǹkan bíi 220 dígírì, ìyẹn fún abẹ ìfárí àti ohun tí a fi ń ha nǹkan. Ní 250 á di àwọ̀ ilẹ̀, fún ọ̀bẹ. Ní 270 sí 280, elésè àlùkò, fún àáké àti ohunkóhun tó máa ń gba lílù. Ní nǹkan bí 300, á di aró, fún sípíríǹgì. Bí àwọ̀ tí ẹ ń fẹ́ bá ti dé ẹnu ọ̀bẹ, ẹ rì í sómi kó má kọjá ibẹ̀.

Ẹ pọ́n ọn, kí ẹ fi gé igi líle. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń ya wẹ́wẹ́, ẹ tún dẹ̀ ẹ́ sí i títí àwọ̀ á fi kọjá èyí tó wà tẹ́lẹ̀ díẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń ká, ẹ tún un sun, kí ẹ rì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá sì ká lẹ́yìn èyí náà, kábọ́ọ̀nù ni kò tó, inú àpótí èédú ni kí ẹ dá a padà sí. Èyí tó bá sì ṣẹ́, ẹ wo ojú ibi tó ti ṣẹ́: bí ilà dúdú bá wà níbẹ̀, ìdàrọ́ ni, abẹ́ òòlù ló sì ti yẹ kó jáde.